Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí Wọ́n Ṣe Yẹ Rédíò Wò fún Iná Mànàmáná

Nínú àwọn ìlànà rédíò bíi Wi-Fi, ZigBee, WiMAX àti LTE, èwo ló dára jù láti máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín mítà àti iléeṣẹ́ iná? Ohun tí oníṣòwò àti oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà tí àjọ NIST ní Amẹ́ríkà kó jọ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò dáhùn rẹ̀. Ẹ tú ìwé wọn, NISTIR 7761, tó jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 2011, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti gbé adé lé ẹyọ kan lórí. Ẹni tó bá mọrírì iṣẹ́ ọwọ́ yóò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà.

Òfin agbára tí Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007 ló gbé iṣẹ́ náà lé NIST lọ́wọ́: kí wọ́n ṣètò bí àwọn ohun èlò iná yóò ṣe máa gbọ́ èdè ara wọn. Tẹ́lẹ̀, iná ń lọ sílé, ìròyìn kì í padà wá. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kí mítà, tiransifọ́mà àti bíréékà orí òpó máa ròyìn, kí iléeṣẹ́ sì lè pàṣẹ fún wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní PAP02 ló gba apá tí kò ní wáyà nínú.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bojú tó kí wọ́n tó kan rédíò. Wọ́n gba àkójọ kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ OpenSG, níbi tí wọ́n ti to ìfìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ: ta ló ń rán an, ta ló ń gbà á, báìtì mélòó ni, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, báwo ló ṣe lè pẹ́ tó lọ́nà kó tó di òfo. Kíkà mítà lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kó má ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ibùdó iná, ìlànà IEC 61850 fẹ́ kí àṣẹ tó ń já bíréékà nígbà ewu dé láàárín ìdá 3 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ta ni yóò fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn àwọn méjèèjì?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí sí rédíò. Wọ́n ya tábìlì ńlá kan, àwọn ẹgbẹ́ tó ni ìlànà kọ̀ọ̀kan sì kọ ohun tí tiwọn lè ṣe síbẹ̀: ibi tó lè dé, bó ṣe yára tó, ààbò rẹ̀, bó ṣe ń tọ́jú bátìrì. Ojú tó já fáfá ló ń ka irú tábìlì bẹ́ẹ̀, torí iye tó tóbi jù níbẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo IEEE 802.15.4 tí ZigBee dúró lé. Kílóbíìtì 250 ni wọ́n ní ó ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀ẹ̀kan kò gbọdọ̀ ju báìtì 127 lọ. Bí a bá fẹ́ lo IPv6, ìlànà àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì àti ohun tó bá a rìn ti gba báìtì 40, UDP, ìlànà ìfìránṣẹ́ tó gùn lé e, gba 8. Ó dà bí lẹ́tà tí àdírẹ́sì ti gba apá tó pọ̀ nínú pépà rẹ̀ kí ẹni tó kọ ọ́ tó kí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí àjọ IETF, tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, fi gbé ìlànà jáde lọ́dún 2007 láti fún àdírẹ́sì náà pọ̀.

Ọ̀nà jíjìn tún ní ìṣirò tirẹ̀. Ní pápá gbalasa, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, agbára ìgbì tó dé òdìkejì á dín kù sí ìdá kan nínú 4. Níbi tí ilé àti igi bá dí ọ̀nà, ó lè di ìdá kan nínú 16. Ẹnjiníà ará Japan kan, Okumura, wọn ìgbì káàkiri agbègbè Tokyo, ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1968. Lọ́dún 1980, ará Japan mìíràn, Hata, sọ ọ́ di ìṣirò tó rọrùn. Ṣùgbọ́n láàárín 150 sí 1500 MHz ni ìṣirò Hata ti tọ́, fún ọ̀nà kìlómítà 1 sí 20. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gbé e lọ sí 2.4 GHz, kì í sì í fi wọn mítà tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní òdìkejì títì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀kún omi. Ká ní mítà 1,000 ń rán báìtì 100 ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn. Bí a bá pín in dọ́gba, bíìtì bí 890 péré ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rédíò kílóbíìtì 250 yẹn á fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí iná lọ ládùúgbò lójijì, kí gbogbo mítà ké igbe ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà: bíìtì 800,000 fẹ́ kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ, ká tó ka àwọn tí ohùn wọn kọlu ara wọn tí wọ́n ní láti tún un sọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí nǹkan dàrú ni wọ́n fi ń dán rédíò wò. Wọ́n á jẹ́ kí mítà kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀ kó tó ké, wọ́n sì mọ̀ pé bí mítà díẹ̀ ládùúgbò bá ti ròyìn, iléeṣẹ́ á ti mọ ibi tí iná ti lọ.

Lọ́dún 2014, wọ́n tún ìwé náà ṣe. WiMAX tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ń kógbá sílé nígbà náà, LTE sì ti gba ipò rẹ̀. Ká ní wọ́n ti gbé adé lé WiMAX ni, ìwé wọn ì bá ti di pàǹtí. Ọ̀nà ìyẹ̀wò ni wọ́n kọ sílẹ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta mítà tó ń sọ̀rọ̀ fún, kó béèrè mẹ́rin: ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ gbé, ó jìnnà tó ibo, kí ló dí i lọ́nà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí gbogbo wọn bá ké pọ̀? Oníṣòwò tí kò bá rí i dáhùn, kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ.