Ọwọ́ Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Í Jù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dọ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ṣeré lásán àti èyí tó ti di ògbóǹtarìgì nídìí rẹ̀, kí ó má wo gíga àti apá gbọọrọ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ fífẹ̀ tó di bọ́ọ̀lù mú ṣinṣin kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré. Ẹsẹ̀ àti ojú ni kí ó wò. Òfin kò gbà ju ìgbésẹ̀ 3 lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ògbóǹtarìgì yóò fi méjì tan ẹni tó dè é lọ́nà, yóò fi ẹ̀kẹta fò sókè níwájú ilà mítà 6, yóò yí ìbàdí kí apá tó tẹ̀lé e, yóò sì dúró lófuurufú títí aṣọ́lé yóò fi yẹra, kí ó tó sọ bọ́ọ̀lù sí igun ilé tí kò fẹ̀ ju mítà 3 lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni akọni fi ń rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ má ṣe lé ọmọ ọdún 14 kúrò lẹ́gbẹ́ nítorí pé ó kúrú: ara ṣì ń bọ̀ wá dàgbà.