Ẹni Tó Mọ Ọkọ̀ Ọ́ So

Àdúrà àwa Yorùbá ni pé kí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí èbúté ògo. Àwọn atukọ̀ Adágún Tógò ló jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni kí ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Láti ọjà òkìrìkà Hédzranawoé ní Lomé, a gba ọ̀nà Aného dé Agbodrafo. Togoville ló wà ní òdìkejì adágún náà: ìlú Ọba Mlapa, tí Gustav Nachtigal bá ṣe àdéhùn fún Jámánì ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1884. Lára ìlú yìí ni orílẹ̀-èdè Tógò ti gba orúkọ.

Omi adágún náà kò jìn, nítorí náà ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Ẹ wo atukọ̀ bó bá ń sún mọ́ èbúté: á dẹwọ́, á kọ imú ọkọ̀ sí atẹ́gùn kí ìgbì má baà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀, á mì í wò bóyá ó dúró ṣinṣin, á sì so okùn mọ́ ọn. Kò ní fà á le jù, kí ọkọ̀ lè ráyè gbéra bí omi bá ń ru. Ìyá àgbà tó gbé igbá ẹja lérí á sọ̀kalẹ̀ láìfẹsẹ̀ kọ.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ jókòó sí àárín, ẹ má sì dìde kí atukọ̀ tó so ọkọ̀ tán.