Òpó tí a yọ kúrò lábẹ́ òrùlé: ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ifangni nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, àwòrán òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ ni a sábà máa ń fi hàn wọ́n: òpó kan ṣoṣo, lórí pèpéle, tí iná ń tàn sí. Èrò wa ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ère fún pèpéle. Ilé ni ó ń bá wọn kọ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Irú ààfin bẹ́ẹ̀, ògiri amọ̀ ni, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, òpó ni ó sì gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Àárín àgbàlá ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá dúró nínú oòrùn níbẹ̀, inú òjìji ni ó ń wò. Ọnà tí kò jìn yóò pòórá mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé jíjìn tí ọnà Ọlọ́wẹ̀ jìn kì í ṣe àṣehàn lásán.

Ẹ wo òpó tí ó wà ní Art Institute of Chicago. Ọba jókòó, ó dé adé, ẹyẹ bà lé orí adé náà. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n a ní ọlá obìnrin ni ère náà ń fi hàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Orí obìnrin yẹn ni ẹrù òrùlé wà, kì í ṣe orí ọba. Bí a bá ti mú òrùlé kúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ tí òpó náà ń sọ ti lọ.

Ilẹ̀kùn ààfin náà dé àfihàn Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. British Museum fẹ́ ẹ. Àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. (Àga dára, ṣùgbọ́n a kì í fi àga ti ẹnu ọ̀nà.) Lára ilẹ̀kùn náà, òyìnbó Captain Ambrose ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn ènìyàn rù, ọba sì jókòó dè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí bí a ti ń gba àlejò, kí òun náà tó di àlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Nínú ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀kùn mẹ́rin láti ààfin Abomey wà níbẹ̀. Inú wa dùn. Síbẹ̀, ohun àfihàn ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Wọn kò tí ì di ilẹ̀kùn padà.

Ní àyíká wa, ilé amọ̀ ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ń wó, bíríkì sìmẹ́ńtì ń rọ́pò rẹ̀. A kò bá onílé jà. Òun ni òjò ń pa. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ẹ wọn ilé náà kí wọ́n tó wó o: ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan dúró sí, ìhà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí, ọ̀nà tí omi òjò ń gbà jáde nínú àgbàlá.