Ohun Tó Wà ní Ìdí Ọkọ̀

Níbi àfihàn ọkọ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀dà ni òǹwòran kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ wo áásù ẹ̀yìn, irin tó dábùú ìdí ọkọ̀, tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Lójú tèmi, ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ìyìn.

Ẹ wo Chevrolet Camaro ọdún 1969, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní muscle car. Áásù oníbóòtù méjìlá ló wà lábẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi. Akọ irin ni, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kan tó rí bíi lẹ́tà C ló di ọ̀pá ẹsẹ̀ mú nínú lọ́hùn-ún. Bí ọ̀pá bá kán lórí eré, táyà lè yọ kúrò lára ọkọ̀. Ti Ford onínṣì mẹ́sàn-án, tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wọn láti 1957 dé 1986, ìta ni wọ́n ti de ọ̀pá tirẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn oní-Chevrolet yí òwe náà po: ìlẹ̀kẹ̀ Ford ni wọ́n ń gbà wá so mọ́ ìdí ọmọ tiwọn! N kò bá wọn wí, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń sáré ìje ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìfarakínra jíà Ford yìí pọ̀, ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Kí ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ síbi àsè lọ́jọ́ Àìkú ń fi í ṣe?

Bákan náà ni jíà 4.10 tí gbogbo wọn ń fi yangàn. Ọ̀pá iwájú yóò yípo nígbà 4.10 kí táyà tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ yóò fò dìde bí ẹtu, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà márosẹ̀, igbe ni ẹ́ńjìnnì yóò máa ké. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, 3.08 ló yẹ ẹ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Mustang inú fíìmù Bullitt ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí: ní January 2020, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Kissimmee ní mílíọ̀nù 3.4 dọ́là, láìtún un kùn. Wọ́n gbàgbé pé wọ́n ti fún abẹ́ ọkọ̀ náà lókun kí ó tó wọ inú fíìmù ọdún 1968 ọ̀hún. Ẹni tó sì ra Pontiac GTO ní 1964 ló fúnra rẹ̀ yan jíà tó fẹ́ kí wọ́n tó kan ọkọ̀ fún un.

Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni ayùn. Nítorí kí táyà fífẹ̀ lè wọlé, wọn a gé áásù àkọ́kọ́ lọ́tùn-ún lósì, wọn a sì jó o pọ̀. Kí wọ́n ra òmíràn gé! Kí wọ́n fi òróró pa ti àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kí ẹni tí yóò ni ọkọ̀ náà lẹ́yìn wọn lè dá a padà sábẹ́ rẹ̀ bó bá wù ú.