Pápákọ̀ tàbí Èbúté? Ọ̀rọ̀ lórí Ilé Àlejò Méjì

Bí a bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí ìlú kan fi mú àlejò, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọba, kí a tó jẹun, kí ẹnikẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tí a wá ṣe, ẹnu ọ̀nà ti sọ tirẹ̀. Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, ojúde ló ṣáájú ọ̀ọ̀dẹ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ ló sì ṣáájú yàrá. Ojúde yìí kì í ṣe ti onílé nìkan, kì í sì í ṣe ti àlejò nìkan. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn. Òṣùwọ̀n ojúde yìí ni mo fẹ́ fi wọn ilé àlejò méjì tí owó epo rọ̀bì kọ́ fún wa nípìínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà. Ọ̀kan ni ìlú Festac ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí mo ti ń gbé. Èkejì ni pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, níbi tí mo ti ń lọ pàdé àwọn ènìyàn mi, tí mo sì ti ń sìn wọ́n sọ́nà.

Ẹni tó ti gbọ́njú ní ọdún 1977 kò ní gbàgbé Festac. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀. Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní ọdún 1966. Ojú Ìdíá, ìyá ọba ìlú Ìbìní, ni a fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Ère ìbòjú náà gan-an wà ní ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní London. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa, wọ́n kọ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìbìní sì gbẹ́ òmíràn. Kí àwọn òṣèré àti àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bọ̀ lè rí ibi wọ̀ sí, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sórí ilẹ̀ àwọn Àwórì lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì. Ìlú tí a kọ́ fún àlejò oṣù kan péré ni Festac í ṣe.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nípa àwọn àlejò wọ̀nyẹn. Bí ilé tí wọn yóò sùn sí ti jẹ́ tuntun tó, ilé tí wọ́n gbà wọ orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe tuntun rárá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti la pápá Ìkẹjà fún bàálù. Lẹ́yìn ogun náà ni ilé iṣẹ́ bàálù tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ ní fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ní ọdún 1958, Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wá sọ ní Nigeria Airways lẹ́yìn náà, ó sì ya erin tó ń fò sí ara ọkọ̀ rẹ̀. Ilé ńlá tuntun tí a gbé kọ́ sí Ìkẹjà kò ṣí ilẹ̀kùn títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1979. Àjọ̀dún ti parí láti bí ọdún méjì. Àlejò ti wá, àlejò ti lọ, kí a tó parí ẹnu ọ̀nà.

Ilé náà tóbi lóòótọ́. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Pápákọ̀ Schiphol ní Amsterdam ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀: gbọ̀ngàn gbọọrọ ní àárín, apá sì yọ jáde lára rẹ̀ kí bàálù lè rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ti ń rọ̀ mọ́ ọmú ìyá. Orúkọ tí a fún un wúwo pẹ̀lú. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni olórí ìjọba tí wọ́n yìnbọn pa ní Ìkòyí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró lójú pópó. Ọkọ̀ tó kú sínú rẹ̀ ṣì wà ní ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí bí mo bá jáde ní géètì kìíní Festac, tí mo dé Mile 2, tí mo wá forí lé Ọṣòdì láti lọ sí Ìkẹjà. Orúkọ ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró fún ikú ni a fi pe ibi tí gbogbo wa ń sáré bá lójú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; àwa wo ọ̀fọ̀ ilé wa, a sì sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún gbé wa dé ọ̀dọ̀ èdè, tí í ṣe iṣẹ́ tèmi. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe bàlúùnù ni a ti rí bàálù. Ibi tó ń balẹ̀ sí ni a wá pè ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èbúté ni ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ orúkọ ibẹ̀, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Àwa náà ní èbúté. A ní Èbúté Mẹ́ta, a ní Èbúté Èrò. Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ sọ ohun tuntun yìí lórúkọ, a kò pè é ní èbúté. Pápá ni a pè é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Èbúté ní ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní alárù, ó ní ẹni tó ń ta ẹ̀kọ, ó ní ìyá tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ tó ń retí ọmọ. Pápá ní koríko àti afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ ni pápákọ̀ mọ̀. Kò mọ èrò. Mo gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà kò ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe láméyìítọ́ ibẹ̀ fún wa kí a tó bí àwa tí ń pe ara wa ní láméyìítọ́.

Kí ni èrò ń ṣe ní èbúté tí kò rí ṣe ní pápákọ̀? Ìdágbére ni mo kọ́kọ́ kà. Láàárín wa, ẹnìkan kì í dá rìnrìn àjò. Ẹni kan ló ń lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn méje ló ń sìn ín. Sísin èrò sọ́nà kì í ṣe eré, ojúṣe ni. Ẹni tó sin ọ́ dé ẹ̀yìn odi ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ pé òun ń retí àbọ̀ rẹ. Ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá àwọn asìnnà dúró lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ nìkan ló lè wọlé. Mo bá ìyá àgbà kan ládùúgbò wa lọ lọ́jọ́ kan, ẹni tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ kàwé lókè òkun. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kò lè kọjá, ìyá kò janpata. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà láàárín ọkọ̀ akérò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì ń wúre. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí dúró, wọ́n ń ṣe àmín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, etí títì náà ti di ojúde. Ìyá yìí kọ́ ohun tí àwọn ayàwòrán ilé kò kọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ló fà á, wọn kò sì purọ́. Láti ọdún 1993 títí di òpin ọdún 1999 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi pátákó ìkìlọ̀ sí àwọn pápákọ̀ wọn pé ètò ààbò Ìkẹjà kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún wa, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí Schiphol tí a wò ṣe àwòkọ́ṣe. Lóde òní, ará ìlú tí kò ní ìwé ìrìnnà kankan lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nísàlẹ̀ ilé náà, kó wọ gbọ̀ngàn, kó ra òdòdó, kó dúró de àlejò rẹ̀. Ibi tí àyẹ̀wò wà ni ààlà wà. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé. Ó hàn gbangba pé ààbò àti ìdágbére kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ara Schiphol ni a mú wálé. Nígbà tí àwọn tó ni ín ń la inú rẹ̀ fún ìlú, àwa kò tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀.

Ohun kejì ni ohùn. Orí ilẹ̀ Àwórì ni a kọ́ pápákọ̀ Ìkẹjà sí, síbẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ọ̀gá lára pátákó àti lẹ́nu ẹ̀rọ agbóhùnjáde níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń fẹ́ kí a lé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tọmọdé tàgbà àgbáyé ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní Dublin, ní ilẹ̀ Áílándì, àwọn tó ń sọ èdè Irish lójoojúmọ́ kéré púpọ̀ sí àwa tí à ń sọ Yorùbá. Síbẹ̀ èdè náà wà lára pátákó pápákọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò dí bàálù kankan lọ́wọ́ láti gbéra. “Ẹ káàbọ̀” kò gba àyè ju ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ méjì lára ògiri.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí Festac. Àwọn tó ya àwòrán ìlú náà kò fún ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀ lórúkọ; nọ́ńbà àti lẹ́tà ni wọ́n fún wọn, bí ìgbà tí akọ̀wé ń to ìwé sínú àpótí. Lẹ́yìn àjọ̀dún, àwọn ọmọ Nàìjíríà kó wọ ibẹ̀. Ọdún gorí ọdún, iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù, ìdí igi di ibi ayò, ìdí ọtí àti ti ẹja yíyan sì gba òpópónà kan pátápátá lálaalẹ́. Ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà: Ígbò, Ẹ̀fíìkì, Ẹ̀gùn, Yorùbá. A lè dá wọn lẹ́bi lórí ọ̀pọ̀ nǹkan: wọ́n dí ojú àgbàrá, wọ́n kọ́ ilé sí ibi tí kò yẹ, títì sì bàjẹ́ káàkiri. N kò sọ pé Festac rẹwà ju bí wọ́n ti kọ́ ọ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ti di ìlú. Àlejò ti di onílé níbẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń lò ó ní àǹfààní láti fọwọ́ kàn án. Orí ọ̀dà nọ́ńbà ni wọ́n ti hu gbòǹgbò.

Pápákọ̀ dàgbà lọ́nà tirẹ̀. Ní ọdún 2000, iná jó ilé àwọn tó ń fò láàárín ìlú sí ìlú. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣí òmíràn tí a mọ̀ sí MM2. Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003, erin tó ń fò balẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, a ṣí ilé tuntun fún àwọn tó ń lọ sókè òkun, èyí tí àwọn ará Ṣáínà kọ́, tí a sì yá lára owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà kò gbẹ́yìn: Èkìtì ti kọ́ tirẹ̀, Ògùn ti kọ́ tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà dáwọ́ lé tirẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ilé ń pọ̀ sí i, ojúde kò pọ̀ sí i. Èyí ni mo ṣe ń ya ìdàgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàgbàsókè. Ọmọ tó ga tí kò mọ bí a ti ń kí ènìyàn, ó dàgbà ni. A kò tíì kọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí nísinsìnyí ni pé àǹfààní kan tún ṣí sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 712 náírà láti tún ilé ọdún 1979 náà kọ́. Ariwo pọ̀ lórí iye owó náà, ó sì tọ́ kí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo náà, ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tó ń béèrè ibi tí ìyá àgbà yóò dúró sí. A ń béèrè iye tí a ó fi kọ́ ọ, a kò béèrè ẹni tí a ń kọ́ ọ fún. Bí a kò bá béèrè báyìí, àádọ́ta ọdún mìíràn ni yóò tún kọjá kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó tún kan àwòrán ilé náà.

Nǹkan mẹ́ta péré ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àyè tó ní òrùlé àti ìjókòó wà fún àwọn asìnnà àti àwọn apàdé-àlejò, kó tó kan ibi àyẹ̀wò. Kí èdè ilẹ̀ yìí wà lára ògiri àti lẹ́nu ẹ̀rọ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà wa sì kí àlejò kí pátákó ìpolówó ọjà tó kí i. Orílẹ̀-èdè tó bẹ London nítorí ojú Ìdíá kò yẹ kó jẹ́ pé àwòrán tẹlifóònù ni àlejò rẹ̀ kọ́kọ́ ń rí. Èyíkéyìí nínú wọn kò wọ́n tó bíríkì.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àmọ́ ilé kì í bẹ̀rẹ̀ láti yàrá. Láti ojúde ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àdúgbò wa ṣì ń retí ọmọ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, ìyá yóò tún wọ ọkọ̀ ní Festac, yóò gba Mile 2, yóò gba Ọṣòdì, yóò sì lọ dúró dè é. Kí a tó ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a fún ìyá ní àga.