Wọ́n Mọ̀nà, Wọn Ò Mọ Ará Ìlú

Ará Kétu kò ní í bèèrè bí ènìyàn ṣe ń di ẹlòmíràn. Láti Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, Dàhòmì àtijọ́, títí dé Ìmẹ̀kọ àti Ìwòyè-Kétu níhìn-ín, ojú wọn ló ṣe tí ọkùnrin onírùngbọ̀n yóò gbé ère igi karí, tí yóò fi aṣọ sọ ìdí di ńlá, tí gbogbo ọjà yóò sì máa wò ó bí obìnrin. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn. A mọ ẹni tó gbé e, a mọ ilé baba rẹ̀, ìyẹn kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ní 2001, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ó yan orúkọ, ẹ ó yan ìrísí, ẹ ó di jagunjagun tàbí oníṣègùn, ẹ ó sì wọ ìlú kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Roy Trubshaw ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1978, tí Richard Bartle sì bá a mú un tẹ̀síwájú. Kò sí àwòrán níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni. RuneScape dé ní 2001, World of Warcraft dé ní 2004. Láti 2018 ni wọ́n ti lè fi fóònù ṣe RuneScape ti àtijọ́. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ tí kò sí kọ̀ǹpútà nílé wọn.

N kò pe eré náà lẹ́jọ́. Àwọn ìwé atọ́nà rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, àwọn àkọsílẹ̀ tí eléré ń kọ fún eléré: ibi tí wúrà wà, ọ̀nà tó yá jù, ohun ìjà tí a ó mú dání, ìgbà tí a ó sá. Àwọn tó ń kọ wọ́n pọ̀ bí eṣú, púpọ̀ nínú wọn kì í sì gba kọ́bọ̀. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Èèyàn mélòó nínú wa ló máa jókòó di òru láti ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ti tìdí rẹ̀ yọ. Nígbà tí Gary Gygax kọ ìwé fún alábòójútó eré Dungeons & Dragons ní 1979, ó kìlọ̀ pé eléré lásán kò gbọdọ̀ yọjú sí i. Awo ni. Lónìí, kò sí awo mọ́. Nínú World of Warcraft, iwin iná kan wà tó ń jẹ́ Ragnaros, tó jẹ́ pé ogójì ènìyàn ló ń kóra jọ láti bá a jà. Oṣù kọkànlá 2004 ni eré náà jáde. Ó di oṣù kẹrin 2005 kí ẹgbẹ́ kankan tó rí i pa. Ní oṣù kẹjọ 2019, ilé-iṣẹ́ Blizzard tún gbé eré náà jáde bó ṣe wà láyé àtijọ́. Ragnaros kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan! Òótọ́ ni pé wọ́n ti tún àwọn nǹkan kan ṣe tó mú iṣẹ́ náà rọrùn, ṣùgbọ́n ohun tó pa iwin náà gan-an ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti fi ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀nà, ta ni yóò tún bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ta? Ẹni tí kò bá sì tíì kàwé kó tó dé, àwọn ẹgbẹ́ kan ò ní gbà á láàyè. Àjèjì ti dé ìlú, dípò kí wọ́n fún un lómi mu, ìdánwò ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ayò ọlọ́pọ́n wé e. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń nà ni ọ̀pẹ. Ta ló ń kọ́ ọ̀pẹ? Àwọn òǹwòran ni. “Má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn, ìwọ ọ̀pẹ yìí! Ṣé o ò rí odù tó ń kó jọ dè ọ́ ni?” Èébú ni, ẹ̀kọ́ sì ni, ẹ̀rín sì ni pẹ̀lú. Ìwé atọ́nà wà nídìí ọpọ́n náà, àmọ́ ó ní ẹnu, ó ní ojú, ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ti kọ ti ayò náà sílẹ̀ ṣá. Ní 1977, A. O. Odeleye gbé ìwé jáde lórí ayò. Iṣẹ́ tó yẹ ká kí i fún ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́, ayò tiwa! Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn ìwé atọ́nà eré íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín ilẹ̀ Kétu, tí Aláketu bọ́ sí ọ̀hún, tí Ìwòyè-Kétu bọ́ sí ìhín. Ọmọ ìhín ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ìbátan rẹ̀ lọ́hùn-ún ń fi Faransé kàwé. Àwọn méjèèjì lè jókòó sídìí ọpọ́n kan náà kí wọ́n sì bú ara wọn ní Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di ti ìwé atọ́nà, kálukú á gba ilé ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ìwé atọ́nà kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní nǹkan bí 2017, nígbà tí owó ilẹ̀ Venezuela ti di bébà lásán, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ gba inú RuneScape lọ wá oúnjẹ. Wọ́n ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé, wọ́n ń kó egungun àti awọ rẹ̀ tà fún wúrà inú eré, wọ́n sì ń ta wúrà náà fún àwọn tó ní dọ́là. Òfin eré kò fàyè gba títa wúrà, ẹni bá sì sọ pé ó ń ba ọjà jẹ́ fún àwọn yòókù kò purọ́. Aginjù tí dírágónì wà yìí jẹ́ ibi tí eléré ti lè pa eléré. Bí wọ́n bá pa ọ́, ohun tó o kó jọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹnì kan kọ ìwé atọ́nà sórí Reddit: bí a ṣe ń pa àwọn ará Venezuela nídìí dírágónì.

Ẹ kà á bí a ti ń ka ìwé atọ́nà yòókù, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ó ń tọ́ni sí ibi tí ẹran ọdẹ wà, ó ń kọ́ni bí a ṣe ń mú un. Kìkì pé ènìyàn tí ebi ń pa ni ẹran ọdẹ ọ̀tẹ̀ yìí. Ibi tí mo ti bá àwọn ìwé yìí jà nìyí. Èdè wọn ti mọ́ ọn lára láti pe gbogbo ohun tó bá wà níwájú ní ìdíwọ́ tàbí èrè, débi pé nígbà tí ènìyàn dúró síbẹ̀, èdè náà kò ní orúkọ mìíràn tí yóò pè é. Àwọn eléré kan bínú sí i o, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ń bọ́ ẹbí ni. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé ibodè. Láti oṣù kẹjọ 2019 tí ìjọba àpapọ̀ ti ti ibodè títí wọ inú oṣù kejìlá 2020, ọ̀nà tí àwọn kan ti ń gba oúnjẹ òòjọ́ kí wọ́n tó bí wọn di ọ̀nà fàyàwọ́, àbí kí ni wọ́n ń pè é nínú ìwé aṣọ́bodè?

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ará ìlú nínú eré wọ̀nyí, irọ́ ló pa. Mats Steen, ọmọ Norway, kò lè dá rìn nítorí àìsàn tó ń jẹ iṣan ara. Nígbà tó kú ní oṣù kọkànlá 2014, ọmọ ọdún 25, àwọn òbí rẹ̀ rò pé ó ti dá nìkan wà láyé. Baba rẹ̀ kéde ikú náà, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nínú World of Warcraft, Ibelin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ọmọ ẹgbẹ́ Starlight. Àwọn kan wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn síbi ìsìnkú rẹ̀. Òbí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà, ní ilẹ̀ Holland, ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mats ló kọ lẹ́tà bẹ̀ wọ́n. Benjamin Ree ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ó jáde ní 2024, mo sì gba gbogbo olóbìí tó ń pariwo mọ́ ọmọ nídìí fóònù níyànjú láti wò ó kí wọ́n tó tún pariwo. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé bí Ibelin bá ti wọlé, kì í wá wúrà, kì í wá iwin. Eré ló máa ń kọ́kọ́ sá, nǹkan bí ìdajì wákàtí, káàkiri inú ìlú náà.