Ìdẹ Náà Ń Jẹ́ Orúkọ: Àyẹ̀wò Orúkọ Àwọn Ohun Ìpẹja Àtijọ́

Àwọn àgbà wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ẹni tó gbẹ́ ìlù a máa sọ ọ́ lórúkọ. Aláró a máa sọ ọnà ara aṣọ rẹ̀ lórúkọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ irú orúkọ kan wò tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ kì í sábà kà sí: èyí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Amẹ́ríkà sọ àwọn ohun ìpẹja wọn láyé àtijọ́. Lónìí, àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ń fi owó ra ìdẹ onígi àti kẹ̀kẹ́ okùn ìwọ̀ wọ̀nyí, orúkọ tí ń bẹ lára páálí wọn sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n ń rà. Ìbéèrè wa ni pé: ta ló sọ wọ́n lórúkọ, kí ni orúkọ náà ń ṣe, ta ni orúkọ náà sì gbàgbé?

Òṣùwọ̀n tí a ó lò wà nílé wa. Yorùbá mọ orúkọ àmútọ̀runwá yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ. Ó mọ oríkì yàtọ̀ sí ìnagijẹ. Táíwò àti Kẹ́hìndé kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ní orúkọ. Bí wọ́n ṣe wáyé ló sọ wọ́n. Orúkọ àbísọ ń sọ ohun tí ń bẹ nínú ilé nígbà tí a bí ọmọ. Oríkì ń yin ẹni, ìnagijẹ sì ni èyí tí ẹgbẹ́ ẹni fi ń bá ẹni ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́rin yìí wọn orúkọ ìdẹ àwọn àjèjì, ohun tó dà bí àwàdà lásán yóò fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àmútọ̀runwá. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan lórí fífi ìwọ̀ pẹja, tí wọ́n tẹ̀ ní 1496, tí wọ́n sì máa ń kà sí iṣẹ́ Juliana Berners, to eṣinṣin àtọwọ́dá méjìlá lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ wọn kò ní ọ̀ṣọ́: eṣinṣin pupa, eṣinṣin òkúta, eṣinṣin aláwọ̀ ìyeyè, eṣinṣin agbọ́n. Àwọ̀ tàbí ìrísí wọn ló sọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdẹ onírin pẹlẹbẹ tí Julio Buel, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1852. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní spoon, Faransé ń pè é ní cuillère, ìyẹn ṣíbí, nítorí pé ṣíbí tí a gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ló jọ. Orúkọ irú èyí kì í ṣe àṣejù. Ọmọ tí kò dé odò rí a gbọ́ ọ, a sì mọ ohun tí yóò wá nínú àpótí apẹja.

Ṣùgbọ́n ìdẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe olóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Faransé náà, leurre, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi àṣá dọdẹ ló ti wá: ohun tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe, tí wọ́n ń jù fìrìfìrì kí ẹyẹ lè padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni leurrer ti jáde, tí í ṣe kí a tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀tàn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé nígbà tí ọjà dé, orúkọ ìdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tan apẹja bí ìdẹ ṣe ń tan ẹja.

Kí a tó dé ọjà, ẹ jẹ́ kí a bọlá fún ìnagijẹ kan. Àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kùmọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń lu ẹja lórí, kí ó má baà jẹ̀rora pẹ́. Priest ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àlùfáà, nítorí òun ló ń wá ṣe ìsìn ìkẹyìn fún ẹni tí ń kú lọ. Orúkọ yìí ní òórùn odò lára. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, àánú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó pe kùmọ̀ ní àlùfáà mọ̀ pé ẹ̀mí ni òun ń gbà.

Orí àbísọ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní 1854, William Greenwell, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Durham, ń pẹja lórí odò Tweed. Ó mú irú kòkòrò tí ẹja truite ń jẹ lọ bá James Wright ní Sprouston, ó ní kí ó ṣe èyí tó jọ ọ́. Wright so ìyẹ́ àti òwú mọ́ ìwọ̀, ìdẹ náà sì pa ẹja. Títí di òní, Greenwell's Glory ni wọ́n ń pè é: Ògo Greenwell. A kò sọ pé Greenwell jalè; ojú rẹ̀ ló rí kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Wright ló ṣiṣẹ́, ògo sì di ti ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹ fi èyí wé Jock Scott, ìdẹ ẹja saumon tó lókìkí púpọ̀ láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lord John Scott ni ọ̀gá. Jock Scott ni ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń bá a lọ sódò. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ló so ìdẹ náà, orúkọ tirẹ̀ ló sì jẹ́. Inú wa dùn sí èyí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ara ìdẹ náà dáadáa. Ìyẹ́ ẹyẹ toucan láti Gúúsù Amẹ́ríkà àti ìyẹ́ àkùkọ igbó láti Íńdíà wà lára rẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rí àyè nínú orúkọ; ilẹ̀ tí ẹyẹ ti wá, àti ọdẹ tó pa ẹyẹ, kò rí i.

Orúkọ mìíràn wà tí ń fi ohun pamọ́ lójú gbangba. R. S. Austin, ará Tiverton ní Devon, so eṣinṣin kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Skues sọ ní Tup's Indispensable. Tup ni àgbò. Indispensable ni kò-ṣeé-mánìí. Irun abẹ́ àgbò ló wà nínú ohun tí Austin fi ṣe ara eṣinṣin náà, ó sì fi àṣírí rẹ̀ pamọ́ fún àwọn oníbàárà. Orúkọ náà sọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹnà rí nílé wa yóò mọ adùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ gba ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ń so ìdẹ. South Bend, ní Indiana, ṣe ìdẹ onígi kan tó pè ní Bass-Oreno. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Trout-Oreno, Pike-Oreno, Surf-Oreno àti Babe-Oreno tẹ̀lé ara wọn. Oreno kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, síbẹ̀ ó di àmì ìdílé, bí Ifá ṣe ń ṣáájú nínú Ifágbèmí, tí Ọdẹ sì ń ṣáájú nínú Ọdẹ́wálé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Ifágbèmí ń sọ ohun tí ìdílé gbà gbọ́. Oreno kò tọ́ka sí nǹkan kan bí kò ṣe ilé ìtajà.

Síbẹ̀, ọjà náà bí orúkọ rere. Fred Arbogast, ní Akron ní Ohio, ló ṣe Jitterbug àti Hula Popper. Jitterbug ni ijó tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń jó ní àwọn ọdún 1930. Hula ni ijó àwọn ará Hawaii. Ìdẹ àkọ́kọ́ ní irin kan lẹ́nu tí ń mú un mì sọ́tùn-ún mì sósì lójú omi. Èkejì wọ yẹ̀rì rọ́bà tín-ín-rín bí oníjó. Nínú gbogbo orúkọ tí a yẹ̀ wò, méjì yìí la kà sí èyí tó gún régé jù. Wọ́n pa ọjà pọ̀ mọ́ òtítọ́: ẹni tó gbọ́ orúkọ ti rí bí ìdẹ yóò ṣe rìn.

A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Zaragossa ti ilé-iṣẹ́ Heddon. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òpópó kan ní Pensacola, ní Florida, ló fún un lórúkọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ara wọn ṣòwò, nítorí pé ìdẹ náà ń mi ìdí bíi tiwọn. Nígbà tí wọ́n fi ike ṣe é, ó di Zara Spook. Spook ni iwin. Ẹ̀rín àwọn ọkùnrin létí odò nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn rín in láìbèèrè ẹni tí ẹ̀rín náà ń ta lára.

Ti ìyìn ara ẹni ló kù. Ní 1891, ilé Hardy ní Alnwick sọ kẹ̀kẹ́ okùn ìwọ̀ kan ní Perfect, ẹni pípé. Kẹ̀kẹ́ náà dára lóòótọ́. Àmọ́ oríkì a máa dùn láti ẹnu ẹlòmíràn. Àwọn ará Faransé gba ọ̀nà tiwọn. Mepps, tí André Meulnart dá sílẹ̀ ní 1938, dà bí orúkọ ènìyàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi kó o jọ. Kẹ̀kẹ́ Mitchell, tí wọ́n ṣe ní Cluses ní Haute-Savoie, ọmọ Faransé ni, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi lọ sọ́jà. Ká má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa tí a sọ ọmọ ní Jean tàbí Bernadette kí ó lè rọrùn fún un nílé ẹ̀kọ́ mọ ohun tó ń mú ni ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá olówò aṣọ ní Lomé, tí a mọ̀ sí Nana Benz, fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Aṣọ wax ń ti ilẹ̀ Netherlands dé pẹ̀lú nọ́mbà lásán. Ọjà ló sọ wọ́n lórúkọ: L'œil de ma rivale, Mon mari est capable. Owó wà nídìí rẹ̀, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ wọ̀nyí kò yin ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé obìnrin tó fẹ́ ra aṣọ ni wọ́n ń sọ. Ohun àjèjì wọlé, ẹni tó rà á sì ní ẹnu nínú orúkọ rẹ̀. Èyí ni òṣùwọ̀n wa ìkẹyìn: orúkọ tó dára ni èyí tí kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣe nǹkan náà tàbí ẹni tí ń lò ó.

Kí ni eléyìí kàn wá? Lórí omi Nokoué, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹja lè fi ṣe ilé. Àwọn onímọ̀ Faransé kò rí ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Acadja ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn, bí àwọn onílé ṣe ń pè é. Orúkọ yẹn yè. Àmọ́ ìgèrè tí bàbá àgbà kan hun, oríṣi àwọ̀n, oríṣi ìwọ̀ àti ìdẹ tó bá a mu, mélòó ló ti wọ ìwé? Bí àwọ̀n ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú bá gba ipò wọn, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ kú.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ sí etí odò Wẹ̀mẹ̀ tàbí ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà ìsinmi, kí ó mú ìwé àti gègé dání, kí ó kí àwọn àgbà bó ti yẹ, kí ó sì bèèrè nǹkan mẹ́ta nípa ohun èlò kọ̀ọ̀kan: kí ni ẹ ń pè é, ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló ṣe èyí tí ń bẹ lọ́wọ́ yín yìí? Kí ó kọ ìdáhùn kẹta náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ pípé ẹni náà. Òun ni ohun tí wọ́n gbàgbé láti ṣe fún James Wright.